Ilé Ta Ni?

Aago méjì òru ní Òkè-Ẹlẹ́rin, l'Ógbómọ̀ṣọ́.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti húkọ́ títí, ó ti sùn.
Ó ku èmi àti kọ̀ǹpútà àgbélétan mi,
ó ń tànná sí mi lójú bí ọlọ́dẹ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀tàlúgba àgbẹ̀ kajú
fẹ́ẹ́ mọ iye tí ẹgbẹ́ jẹ wọ́n.
Alàgbà Àjàmú, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti bá mi ṣèlérí:
"Ọmọ Àbẹ̀jẹ́ ti ṣe é. Ẹ ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, owó yín á yọjú."

Ó kúkú yọjú lánàá, lórí tábìlì mi níhìn-ín,
orúkọ, ìwọ̀n, náírà, kọ́bọ̀.
Mo gbé kóòdù ọ̀hún sórí sáfà
ní ìlú tí n kò dé rí,
ló bá yíwọ́.
Ohun tó kọ sílẹ̀ fún mi kò ju gbólóhùn kan:
Mo kanlẹ̀kùn, wọ́n kọ̀ fún mi.

Mo kọ́kọ́ bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ta ni kì í kọ́kọ́ bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì?
Mo yọ síìmù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dá a padà.
Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo na fóònù sókè
bí ẹni fẹ́ já máńgòrò tí ọwọ́ ò tó.
Ajá ilé Pásítọ̀ gbó mi.
Dátà wà. Kì í ṣe ọ̀nà ló dí.

Mo ké sí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ìwé owó: "O wà ńbẹ̀?"
Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti jẹ́.
Páásíwọ́ọ̀dù ńkọ́? Lẹ́tà kan ò ṣí nípò.
Mo bi aṣọ́nà tó dúró lẹ́nu géètì rẹ̀,
ó ní láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gba ọ̀dọ̀ òun kọjá.

Ẹnikẹ́ni.
Mo ka ìdáhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kò tètè yé mi.

Kíkọ̀ yàtọ̀ sí dídákẹ́.
Ẹni tó dákẹ́, bóyá òjò ló gbé e lọ lọ́nà,
o ó dúró dè é títí yóò fi sú aago.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ní "rárá" ti jẹ́ kí o gbóhùn òun.
O dé ẹnu ọ̀nà kan.
Ẹnu ọ̀nà ta ni?

Mo ṣí kóòdù, mo wo ìlà kẹrìnlá.
Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́ síbẹ̀: lọ sílé.

Ọdún tí mo pé mẹ́jọ, ìyá mi gbé abọ́ gààrí lé mi lórí,
ó ní, "Gbé e lọ sílé, sáré."
Mo gbé e lọ sílé wa ní Tákíè, mo jókòó tì í di àṣálẹ́.
Ní Másífà, ìyá ìyá mi febi sùn.
Ìyá mi kò nà mí. Ó ní, "Ilé bàbá mi ni mò ń wí.
Ìwọ náà ò sì bèèrè."

Nígbà tí kóòdù wà lọ́dọ̀ mi,
orí tábìlì yìí náà ni ìwé owó wà, ilé ni.
Mo rán an lọ sájò, n kò yí iṣẹ́ tí mo rán an padà.
Ó débẹ̀, ó wá ilé, ó yíjú sí ara rẹ̀,
ó ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ láàjìn,
òun náà ló sì ń ti inú dáhùn pé rárá.

Mo pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Mo fi àdírẹ́sì gidi rọ́pò rẹ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Oyèbísí Alágbẹ̀dẹ, àpò mẹ́rìnlá.
Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń ya bọ̀.

Bátìrì ku díẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ti ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò.
Mo fi ìlà kan kún un kí n tó pa á,
kì í ṣe fún sáfà, fún ẹni tí yóò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi:
Bí wọ́n bá rán ọ sílé, bi wọ́n.